Ìwúre tí ó Jọ Èpè: Àyẹ̀wò Àròkọ Ọdún Tuntun tí Táí Ṣólàárín Kọ àti Ilé-Ìwé tí ó Dá Sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́

1. Ìfáàrà

Ìwúre wà lára àwọn ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn tí etí gbogbo Yorùbá mọ̀ jù lọ. Kò sí ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìṣílé tàbí ọdún ìbílẹ̀ tí wọn kì í ti í wúre. Síbẹ̀, ohun tí lámèyítọ́ ń sọ nípa rẹ̀ kò tó nǹkan ní ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa oríkì, ìjálá, ọfọ̀ àti ẹsẹ Ifá. Ó ṣeé ṣe kí ìdí rẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà kì í tètè jọ ọnà lójú ẹni tí ń wá ọnà kiri.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, ìwé ìròyìn Daily Times tẹ àròkọ kan jáde tí ó dojú ẹ̀yà yìí délẹ̀. Táí Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ni ó kọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, àkọlé rẹ̀ sì ni May Your Road Be Rough. Ní ọjọ́ tí olúkúlùkù ń tọrọ ìrọ̀rùn fún ẹnìkejì rẹ̀, Ṣólàárín tọrọ pé kí ọ̀nà àwọn oǹkàwé rí gbágungbàgun. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń ka àròkọ yìí nígbà tí ọdún bá yípo. Àwọn kan kà á sí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, àwọn mìíràn kà á sí ọ̀rọ̀ alágídí.

Ohun mẹ́ta ni bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èkíní, ìtumọ̀ àròkọ náà kò lè hàn kedere àfi bí oǹkàwé bá fi òṣùwọ̀n ìwúre Yorùbá wọ̀n ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè mìíràn ni òǹkọ̀wé fi kọ ọ́. Èkejì, ojú tí àròkọ náà fi wo àgbẹ̀ kan tí ó mú ṣe àpẹẹrẹ ní àbùkù, àbùkù náà kò sì kéré. Ẹ̀kẹta, ilé-ìwé Mayflower tí Ṣólàárín dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ni ó dí ihò tí àròkọ náà fi sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà tún ìlú ṣe, kò tó kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tàbí kí ó láyà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí ó fò kọjá lórí rẹ̀, ni ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ wò.

2. Òǹkọ̀wé àti àsìkò rẹ̀

Ní 1922 ni wọ́n bí Augustus Táíwò Ṣólàárín ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Wesley College, Ìbàdàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn èyí ni ó kàwé ní Yunifásítì ìlú Manchester. Ó padà sílé ní 1952, ó sì di ọ̀gá àgbà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó mú un kúrò níbẹ̀, nítorí kò gbà pé ó yẹ kí orin ìsìn àti àdúrà jẹ́ apá kan iṣẹ́ ilé-ìwé. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956, òun àti aya rẹ̀, Sheila, dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ilé-ìwé tí kò sí lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kankan.

Àsìkò tí ilé-ìwé náà bẹ̀rẹ̀ yẹ ní kíkíyèsí. Ọdún kan ṣáájú, ní 1955, ni ìjọba Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Awólọ́wọ̀ náà. Ìlú kékeré kan ṣoṣo ni ó bí ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé fún gbogbo ọmọ agbègbè náà, òun náà ni ó sì bí ẹni tí ó ń béèrè ohun tí ó yẹ kí ọmọ bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀hún.

Nígbà tí ọdún 1964 fi máa wọlé, nǹkan ti yí padà. Rògbòdìyàn ìṣèlú ti bẹ́ sílẹ̀ ní Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962. Ní oṣù kẹsàn-án 1963, ilé-ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ayọ̀ òmìnira àti ìbẹ̀rù ọjọ́ iwájú wà pa pọ̀ nínú ìlú. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn máa ń fẹ́ gbọ́ ìwúre jù lọ, inú rẹ̀ náà sì ni Ṣólàárín ti kọ tirẹ̀.

3. Ìlànà ìwúre

Ohun mẹ́rin ni ó ń so ìwúre Yorùbá ró: olùwúre, ohun ìwúre, ọ̀rọ̀ ìwúre àti àṣẹ.

Olùwúre kì í ṣe ẹnikẹ́ni ṣáá. Àgbà ni, tàbí olóyè, tàbí aláwo, tàbí òbí. Bí ọmọdé bá fẹ́ wúre fún àgbà, ó ní láti kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Ohun ìwúre ni obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, omi àti irú wọn. Kì í ṣe ẹwà lásán ni wọ́n wà fún. Olùwúre a máa fa ìtumọ̀ yọ láti inú orúkọ tàbí ìwà ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ohùn orógbó ń tọ́ka sí gbígbó, ti obì ń tọ́ka sí bíbì ibi dànù, adùn oyin ń tọ́ka sí adùn ayé. Àwọn Rẹ́mọ mọ èyí dáadáa, nítorí ilẹ̀ obì ni ilẹ̀ wọn. Ṣágámù, tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kan para pọ̀ tẹ̀ dó ní 1872, di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ojúkò òwò obì. Ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn Hausa ní Sábó náà ni wọ́n ń pa nígbà tí wọ́n bá ń wúre.

Ọ̀rọ̀ ìwúre ní gírámà tirẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “kí”, tàbí kí ó lo “á” tàbí “yóò” láti tọ́ka sí ohun tí ń bọ̀. Ire ni ó máa ń tọrọ: owó, ọkọ tàbí aya, ọmọ, àìkú. Lára ohun tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà. Bí nǹkan bá ṣẹnuure fún ènìyàn, ọ̀nà rẹ̀ là. Bí kò bá ṣẹnuure, ọ̀nà rẹ̀ dí. Orí ọ̀nà ni Ògún wà, ìkóríta ni ti Èṣù. Àwọn àgbà a máa tọrọ pé kí ọmọ wọn má ṣe gbéra lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Kì í ṣe àfiwé lásán ni ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn là kọjá. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà-Rẹ́mọ, kọ eré-onítàn rẹ̀ tí ń jẹ́ The Road ní 1965. Òun náà ni ó sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún àjọ ààbò ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988.

Àṣẹ ni ohun kẹrin. Láìsí ìdáhùn àwọn tí ó wà níkàlẹ̀, ọ̀rọ̀ olùwúre kò tí ì parí. Ohùn púpọ̀ ni ó ń so ìwúre mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí ohun kan sí i. Gírámà kan náà ni ìwúre àti èpè jọ ń lò. “Kí” tí ó ń tọrọ ire náà ni ó ń tọrọ ibi. Ohun tí olóhùn bá fi tẹ̀ lé e nìkan ni ó ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ààlà tóóró yìí ni Ṣólàárín dúró lé lórí.

4. Bí Ṣólàárín ṣe yí ìlànà náà padà

Bí a bá mú ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò hàn pé kò sí èyí tí Ṣólàárín fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó lò bí ó ṣe bá a.

Ní ti olùwúre, ọkùnrin náà kò tí ì pé ọmọ ọdún méjìlélógójì nígbà tí àròkọ náà jáde. Púpọ̀ nínú àwọn tí yóò kà á ju ú lọ. Ó mọ̀ pé bí irú rẹ̀ bá ní kí ọ̀nà àgbàlagbà rí gbágungbàgun, èpè ni wọn yóò pè é. Nítorí náà, ó sọ ní tààrà pé òun kò gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni, àti pé ohun tí òun ń tọrọ fún ara òun lọ́dọọdún ni òun ń tọrọ fún àwọn mìíràn. Ọgbọ́n yìí ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi oró kan ẹnu ara rẹ̀ kò ṣeé pè ní àjẹ́. Ọmọ tí ń jẹ́ Táíwò pàápàá, ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé òun ni wọ́n rán ṣáájú láti tọ́ ayé wò kí ó tó ránṣẹ́ padà bí ayé bá dára tàbí kò dára. Iṣẹ́ tí Táíwò Ìkẹ́nnẹ́ yìí wá jẹ́ ni pé ayé korò, ṣùgbọ́n ó yẹ ní wíwá.

Ní ti ohun ìwúre, kò sí obì, kò sí orógbó. Àpẹẹrẹ ni ó fi rọ́pò wọn: ẹja ńlá tí kì í gbé inú omi tí kò jìn, ayé tí ó ní òkè àti àfonífojì, ènìyàn ilẹ̀ Rọ́ṣíà tàbí Amẹ́ríkà tí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí ó fẹ́ gbé e lọ sí òfuurufú, tí kò sì mọ̀ bóyá yóò padà. Ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì. Agbára obì wà nínú ohùn orúkọ rẹ̀, agbára àwọn àpẹẹrẹ Ṣólàárín wà nínú ìrònú. Kò ní kí oǹkàwé gbà nítorí pé ọ̀rọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ó ní kí ó gbà nítorí pé ó ti rí i bẹ́ẹ̀ nínú ayé.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìwúre, ibẹ̀ ni àyípadà náà ti le jù. Ó di gírámà ìwúre mú ṣinṣin, ó sì fi ohun tí ó yẹ èpè kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí etí Yorùbá ṣe ń retí ọ̀nà tí ó là kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dunni tó. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ìwúre Yorùbá fúnra rẹ̀ tí ó fara jọ ọ̀rọ̀ Ṣólàárín. Yorùbá a máa tọrọ líle: ara líle ni ìwúre fún aláìsàn àti fún aláboyún. Ara ni wọ́n ń tọrọ pé kí ó le, ọ̀nà ni wọ́n ń tọrọ pé kí ó dẹ̀. Ohun tí Ṣólàárín ṣe ni pé ó gbé líle kúrò lára, ó gbé e lé ọ̀nà, nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí ó bá dẹ̀ kì í jẹ́ kí ara ó le. Bí a bá wò ó báyìí, kò ba ìwúre jẹ́. Ó kàn béèrè ohun tí ń mú ìwúre ṣẹ ni.

Ní ti àṣẹ, Ṣólàárín kọ́ oǹkàwé ní ìdáhùn tí ó yẹ kí ó fún òun, èyíinì ni pé kí ó tọrọ irú ohun kan náà padà fún òun. Ìdáhùn yìí kò dàbí “àṣẹ”. Nínú ìwúre àtijọ́, agbo ń fi ohùn ti olùwúre lẹ́yìn kí ọ̀run lè gbọ́. Nínú ti Ṣólàárín, kò sí ẹni tí ó ké pè ní ọ̀run láti mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ènìyàn méjì dojú kọ ara wọn, wọ́n sì gbé ẹrù kan náà lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó kó àdúrà kúrò nínú iṣẹ́ ilé-ìwé wá fi ìlànà àdúrà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó lókìkí jù. Àwọn kan lè pè é ní ìtakora. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe nínú ilé-ìwé náà ni ó ń ṣe nínú àròkọ: ó ń mú àṣẹ kúrò ní ọ̀run wá sí ọwọ́ ènìyàn.

5. Àgbẹ̀ inú àròkọ

Láàárín àròkọ náà, Ṣólàárín sọ̀rọ̀ nípa àgbẹ̀ kan tí ó lọ bẹ̀ wò ní nǹkan bíi máìlì mẹ́ta sí ibùgbé rẹ̀. Ọkùnrin náà kò lè ju ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta lọ, síbẹ̀ ó ní òun ti di arúgbó fún iṣẹ́ oko líle. Igi ata, kókò, ìgbín àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà ní àyíká ahéré rẹ̀. Kì í sábà lọ sí ìgboro lọ ra nǹkan. Ọkọ̀, tẹlifóònù, ìwé ìròyìn àti ogun tí ń lọ ní ilẹ̀ òkèèrè kò kàn án. Ó sọ fún àlejò rẹ̀ pé òun kò lépa ohunkóhun mọ́. Ṣólàárín fi ọkùnrin yìí sí apá kan, ó fi arìnrìn-àjò òfuurufú sí apá kejì, ó sì kìlọ̀ pé bí gbogbo ènìyàn bá gbé irú ayé àgbẹ̀ náà, aráyé yóò padà sínú ihò àpáta.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gba ohun tí ó tọ́ nínú àpẹẹrẹ yìí. Kì í ṣe iṣẹ́ oko ni Ṣólàárín ń bẹnu àtẹ́ lù. Ẹni tí ó fi ọkọ́ lé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtẹ́lọ́rùn tí kò ní ìrètí nínú ni ó ń bá jà. Ó tún ní òótọ́ tí kò fi àgbẹ̀ náà ṣe ẹlẹ́yà: ó jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ ti ẹnu rẹ̀, ó sì ka ohun tí ó rí ní àyíká rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ tí ó gbà lẹ́nu àgbẹ̀ náà gan-an ni ìṣòro wà. Ọkùnrin náà ní agbára tí òun lò nínú oko nígbà èwe ni ó sọ ara òun di báyìí. Èyí já sí pé ọ̀nà gbágungbàgun ni ó rìn. Ó ti rìn ín dé òpin, ohun tí ó sì jẹ nínú rẹ̀ ni ara tí ó rọ ṣáájú ọjọ́. Bí ọ̀nà líle bá ni í sọ ènìyàn di ènìyàn, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ti rìn ín ni àròkọ náà mú ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí kò yẹ kí oǹkàwé fara wé? Àròkọ náà kò dáhùn. Ó kọjá lọ sí ọ̀rọ̀ òfuurufú.

Ohun tí ó fa àlàfo yìí ni pé Ṣólàárín kò ya ìnira tí ènìyàn yàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìnira tí ayé gbé lé e lórí. Arìnrìn-àjò òfuurufú yan ewu rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àgbẹ̀ ìtòsí Ìkẹ́nnẹ́ kò yan tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èdè wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí ó wà nínú àkọlé náà lè gba oríṣi ìnira méjèèjì mọ́ra láìfọhùn. Yorùbá kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìṣẹ́, làálàá yàtọ̀ sí ìyà, kí nǹkan le yàtọ̀ sí kí nǹkan nini lára. Ohùn kan péré ni ó ya iṣẹ́ kúrò lára ìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí yóò tọrọ èkejì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ká ní Yorùbá ni Ṣólàárín fi kọ àròkọ náà, ì bá ti di dandan fún un láti yan ọ̀kan, yíyàn náà ì bá sì ti mú un padà lọ bá àgbẹ̀ rẹ̀.

6. Èdè àti àwọn tí ọ̀rọ̀ dé etí wọn

Àgbẹ̀ náà kò ka ìwé ìròyìn. Ṣólàárín ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ ohun tí Daily Times gbé jáde nípa rẹ̀, kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi fèsì. Ẹni tí ó wà ní máìlì mẹ́ta péré sí òǹkọ̀wé jìnnà sí i ju oǹkàwé Èkó tàbí Kánò lọ.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Láti 1859 ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ewì tí J. F. Ọdúnjọ kọ lórí iṣẹ́, tí ó wà nínú ìwé Aláwìyé, jẹ́ ìmọ̀ràn tí ó súnmọ́ ti Ṣólàárín, ìran kan lẹ́yìn òmíràn sì ni ó ti kọ́ ọ sórí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó kọ́ ọ sórí lè kà á fún ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀wé.

Àpẹẹrẹ tí ó tún lágbára ju èyí lọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan náà. Ní 1964, Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gbé eré Yorùbá Ronú lọ sí orí ìtàgé. Ọ̀rọ̀ ìyapa tí ó wà láàárín Yorùbá nígbà náà ni ó fi ṣe kókó, èdè Yorùbá, orin àti ijó ni ó sì fi gbé e kalẹ̀. Ìjọba Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eléré rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré ní agbègbè náà mọ́. Ó di 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Kò sí ẹni tí ó fòfin de àròkọ ọdún tuntun ti Ṣólàárín.

Kò yẹ kí a sáré sọ pé èdè nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Eré Ògúndé dojú kọ àwọn alágbára àsìkò náà. Àròkọ Ṣólàárín dojú kọ ọ̀lẹ tí ó wà nínú olúkúlùkù. Nígbà tí Ṣólàárín náà kọjú sí ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dáàbò bò ó. Ní oṣù kẹwàá 1974, Ọ̀gágun Gowon kéde pé àwọn ológun kò ní lè gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1976 mọ́. Ṣólàárín kọ ọ̀rọ̀ alátakò tí ó pè ní The Beginning of the End, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ mú un. Ní 1984, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Buhari, wọ́n tún tì í mọ́lé nítorí ohun tí ó kọ, kò sì jáde títí di 1985. Gẹ̀ẹ́sì ní eyín fún aláṣẹ. Ohun tí kò ní ni ẹnu tí yóò fi bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Òkìkí àròkọ náà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé kò gbọdọ̀ mú kí lámèyítọ́ gbàgbé èyí.

7. Mayflower: láti inú àròkọ sí àrokò

Bí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ tí kò mọ̀wé kò bá lè ka àròkọ Ṣólàárín, wọ́n lè ka ilé-ìwé rẹ̀. Yorùbá ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀ kí ìwé tó dé: wọ́n ń pa àrokò. Ohun tí ẹni tí ó gba àrokò bá rí ni yóò kà. Ohun tí Ìkẹ́nnẹ́ rí ní Mayflower ni ọmọ ilé-ìwé gíga tí ó mú ọkọ́ àti àdá lọ sí oko, tí ó ń sin adìyẹ, tí ó ń bá wọn gbé búlọ́ọ̀kù ilé tí òun fúnra rẹ̀ yóò sùn sí. Wọ́n rí ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti gba oyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń wọ ṣòkòtò péńpé káakí kiri ìlú nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ kóòtù pẹ̀lú táì.

Kí agbára àrokò yìí lè hàn, ó yẹ kí a rántí ohun tí ilé-ìwé jẹ́ lójú òbí ní àwọn ọdún wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ òbí rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé kí ó má baà di àgbẹ̀. Ìwé àti ọkọ́ jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Ẹni tí ó mú ọ̀kan ti sọ èkejì nù. Mayflower so méjèèjì pọ̀ sí ọwọ́ ọmọ kan náà. Kì í ṣe Ìkẹ́nnẹ́ ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ láyé. Ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ilé-ìwé tí Booker T. Washington bẹ̀rẹ̀ ní 1881 fún àwọn ọmọ ẹrú tí ó gba òmìnira, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sun bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ilé wọn. Ṣùgbọ́n ní Ìkẹ́nnẹ́, ìtumọ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀ nítorí àgbẹ̀ tí ó wà ní máìlì mẹ́ta. Ọmọ tí ọkọ́ bá ti bó lọ́wọ́ kò ní lè wo àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó rí ẹni tí kò lépa ohunkóhun nìkan. Yóò rí ẹ̀yìn tí ó ti tẹ̀, yóò sì mọ ohun tí ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí àròkọ náà kò rí ni ilé-ìwé náà kọ́ àwọn ọmọ láti fi ara mọ̀. Ìnira tí ó wà níbẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ó ní òpin àti ìdí: gbogbo wọn ni ó ń pín in, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó sì bá tibẹ̀ jáde ni wọ́n jọ ń jẹ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iṣẹ́ àti ìṣẹ́, tí kò hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì Ṣólàárín, hàn nínú oko rẹ̀.

Èyí kò ní kí àrokò náà má ní àléébù tirẹ̀. Orúkọ tí ó ń jẹ́ kò bá Ìkẹ́nnẹ́ sọ ohunkóhun. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni, èyí tí ó kó àwọn kan tí ó ń sá nítorí ẹ̀sìn wọn kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620. Ìtumọ̀ rẹ̀ yé ẹni tí ó ti ka ìtàn ilẹ̀ òkèèrè: àwọn tí ó lọ tẹ ibùdó tuntun dó kí ọkàn wọn lè ní òmìnira. Ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá kì í wà láìní ìtumọ̀ fún àwọn tí ń pè é, ìlú tí wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé náà sí ní láti máa pe orúkọ tí kò yé e. Àléébù kejì wà nínú àbùdá àrokò fúnra rẹ̀. Ìwé lè dúró láìsí ẹni tí ó kọ ọ́. Àrokò nílò ẹni tí ń pa á. Nígbà tí ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, Mayflower bọ́ sí ọwọ́ ìjọba pẹ̀lú. Ilé-ìwé ṣì wà, ṣùgbọ́n kò dájú pé òfin ìjọba lè máa ránṣẹ́ tí ọkùnrin kan fi ìgbé ayé ara rẹ̀ rán.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé àròkọ May Your Road Be Rough jẹ́ iṣẹ́ tí ó ta gbòǹgbò sínú ìwúre Yorùbá. Òǹkọ̀wé lo olùwúre, ohun ìwúre, ọ̀rọ̀ ìwúre àti àṣẹ, ó sì tún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe kí ó lè gbé ojúṣe kúrò ní ọ̀run wá sí ọwọ́ ènìyàn. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan máa dá a kà. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé àròkọ náà ṣe àgbẹ̀ rẹ̀ ní àìtọ́, àti pé àìtọ́ náà wá láti inú èdè tí kò fi dandan mú òǹkọ̀wé láti ya iṣẹ́ kúrò lára ìṣẹ́.

A lè béèrè bóyá ìwúre náà ṣẹ. Ó ṣẹ sí olùwúre lára. Ohun tí ó tọrọ fún ara rẹ̀ ní 1964 ni ó rí gbà: àtìmọ́lé kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi jáde láyé ní 1994. Ní 2005, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ìjagun. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ó gbé ẹrù lé ẹlòmíràn lórí tí òun kò gbé. Èyí ni ó jẹ́ kí àròkọ náà ṣì lágbára lónìí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìyànjú tí àwọn olóṣèlú ń sọ lọ́dọọdún ti parẹ́ kí oṣù náà tó parí. Bí ẹni tí ó jókòó sínú ìrọ̀rùn bá ní kí ọ̀nà àwọn ará ìlú le, èpè ni, ohun yòówù kí ó pè é.

Iṣẹ́ kan kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Ó yẹ kí ẹnìkan túmọ̀ àròkọ náà sí Yorùbá, kì í ṣe fún ẹ̀yẹ, bí kò ṣe nítorí pé atúmọ̀ yóò ní láti ṣe yíyàn tí Ṣólàárín kò ṣe. Bí ó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, yóò ní láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni òun fẹ́ kọ tàbí ìṣẹ́. Nígbà tí ó bá sì parí, kí ó kà á sókè ní ọjà Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní abà kan tí kò jìnnà síbẹ̀, kí ó sì dákẹ́ láti gbọ́ bóyá àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò ṣe àṣẹ.